Ẹ Jẹ́ Kí Á Gbá Inú Kọ̀ǹpútà Wa

Kò sí ilé tí a kì í gbá tí kì í kó ìdọ̀tí. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin olùkọ́ wa, àti gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ní kọ̀ǹpútà nínú ilé, mélòó nínú wa ni ó ti gbá inú rẹ̀ rí láti ọjọ́ tí a ti rà á?

Bí a bá fi Chrome tàbí Firefox wo ojú òpó kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ohun méjì ni í máa ń kù sílẹ̀ lẹ́yìn wa. Èkíní ni kúkì. Ọ̀gbẹ́ni Lou Montulli, òṣìṣẹ́ Netscape ní Amẹ́ríkà, ni ó dá a sílẹ̀ ní ọdún 1994, kí ojú òpó lè máa rántí ẹni tí ó ti wá rí. Ó dàbí káàdì alájọ: ọ̀dọ̀ wa ni ó wà, ṣùgbọ́n alájọ ni ó ń kọ nǹkan sí i, òun náà ni ó sì ń kà á. Èkejì ni káàṣì, èyíinì ni ẹ̀dà àwòrán àti ojú-ewé tí ẹ̀rọ ń tọ́jú kí ó má baà tún máa lọ kó wọn wá láti òkèèrè. Ohun rere ni, nítorí ó ń dín owó dátà kù. Àfi bí olójú òpó bá ti tún ilé rẹ̀ kọ́, tí ẹ̀rọ wa sì ń fi ògbólógbòó ẹ̀dà hàn wá. Ojú-ewé a wá rí wúruwùru, a ó sì máa bú ẹni tí kò ṣẹ̀.

Kúkì ni ó gba àníyàn jù. Olùkọ́ tí ó ṣí ìmeèlì rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà àjùmọ̀lò, tí ó sì dìde láìti ìlẹ̀kùn, ẹni tí ó bá jókòó lẹ́yìn rẹ̀ kò nílò páásíwọ́ọ̀dù kankan. Máàkì ìdánwò, ìwé ẹ̀sùn, lẹ́tà ìyàwó, gbogbo rẹ̀ ti di ohun ìran! Àwọn olùpolówó ọjà pẹ̀lú a máa fi kúkì tiwọn sí ojú òpó ẹlòmíràn. Ìdí nìyẹn tí bàtà tí a wò lánàá fi ń tẹ̀ lé wa kiri lónìí bí ajá ọdẹ.

Iṣẹ́ náà kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Lórí kọ̀ǹpútà Windows, kí á tẹ Ctrl, Shift àti Delete pọ̀. Nínú Chrome, kí á yan All time, kí á máàkì àpótí cookies àti ti cached images, kí á sì tẹ bọ́tìnì ìparẹ́. Bí ẹ bá rí àpótí tí ó dárúkọ password, ẹ má fọwọ́ kàn án o. Lẹ́yìn èyí, ọ̀pọ̀ ojú òpó yóò gbàgbé wa, a ó sì tún páásíwọ́ọ̀dù tẹ̀. Kí olúkúlùkù kọ́kọ́ rí i dájú pé òun rántí tòun.

Ní tiwa, a kò rí ìdí tí ènìyàn fi níláti máa pa káàṣì rẹ́ lójoojúmọ́, nítorí owó dátà ni yóò fi kó gbogbo rẹ̀ padà. Ó tó kí á ṣe é nígbà tí ojú-ewé bá kọ̀ tí kò ṣí dáadáa. Ti kúkì orí kọ̀ǹpútà àjùmọ̀lò ni kò gbọdọ̀ di ọ̀la.

Ṣùgbọ́n ohun tí ilé-iṣẹ́ kan bá ti kọ nípa wa sínú ẹ̀rọ tirẹ̀, ìgbálẹ̀ wa kò dé ibẹ̀. Òfin ìdáàbòbò dátà tí ìjọba Nàìjíríà ṣe ní ọdún 2023 ni ó fún wa ní ẹ̀tọ́ láti béèrè pé kí wọn pa á rẹ́.