Oṣù 'ember' kọ́ ló ń pa èèyàn, ìkánjú ni

Bí oṣù kẹsàn-án bá ti wọlé lọ́dọọdún, láti Ìdúmọ̀tà títí dé ọjà Balógun, ohun tí ẹ máa gbọ́ ni pé: "Ẹ ṣọ́ra o, oṣù 'ember' ti dé." September títí dé December ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà gbilẹ̀ débi pé ìwé atúmọ̀ èdè Oxford gbà á wọlé ní 2020. Àwọn kan sì gbàgbọ́ pé orúkọ yìí gan-an ló ń fa aburú.

Ẹ jẹ́ ká wò ó bí àwọn tó ń fi lẹ́tà ṣeré Scrabble ṣe ń wò ó. Àkọ́kọ́, October kò ní 'ember' nínú rárá. Àwa la kó o mọ́ wọn. Èkejì, ẹ̀yín iná ni 'ember' lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ fi M síwájú rẹ̀, ó di 'member', ọmọ ẹgbẹ́. Ẹ fi R, E, M síwájú, ó di 'remember', kí èèyàn rántí. Ẹ fi D, I, S, M síwájú, ó di 'dismember', kí wọ́n gé èèyàn wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Lẹ́tà kan náà ni, ìtumọ̀ wọn ò bára tan.

Látinú èdè Látìn ni orúkọ oṣù náà ti wá. 'Septem' ni eéje, 'octo' ni ẹẹ́jọ, 'novem' ni ẹẹ́sàn-án, 'decem' ni ẹẹ́wàá. March ni ọdún àwọn ará Róòmù àtijọ́ ń bẹ̀rẹ̀, nítorí náà oṣù keje ni September nígbà náà. Nígbà tí January di oṣù kìn-ín-ní, orúkọ ò yí padà. Òǹkà lásán ni, kì í ṣe èpè.

Kí ló wá ń fa jàǹbá? Ìkánjú ni. Gbogbo ayé ń rọ́ wá sí Balógun rajà ọdún, awakọ̀ sì fẹ́ ná ọ̀nà lẹ́ẹ̀mejì níbi tó yẹ kó ná an lẹ́ẹ̀kan. Àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1988, máa ń ṣe ìpolongo lásìkò yìí lọ́dọọdún. Eré àsápajúdé àti àkójù ẹrù ni wọ́n ń kìlọ̀ fún.

Ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa tí ọmọ yín ń bọ̀ láti Èkó wá ṣọdún, ẹ sọ fún un kó má rin ìrìn òru. Oníkánjú àti onísùúrù, ọgbọọgba ni.