Àyẹ̀wò Ọkọ̀ Tòkunbọ̀ Olówó Ńlá

Orúkọ ọmọ tí a bí sí òkè òkun ni Tòkunbọ̀. Ọkọ̀ àlòkù tí ó ti ibẹ̀ wá náà ti gba orúkọ yìí. Òǹka-máìlì rẹ̀ kò ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé, nítorí ó ṣe é dá padà sẹ́yìn. Nínú àwọn Mercedes-Benz olówó ńlá kan, tìmùtìmù afẹ́fẹ́ ni ó gbé ara ọkọ̀ ró, kì í ṣe sipíríǹgì. Bí rọ́bà rẹ̀ bá sán, afẹ́fẹ́ a máa jò, igun ọkọ̀ a sì wálẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Òwúrọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó tan ẹ́ńjìnnì, ni kí òǹrajà lọ wò ó. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti ń ṣiṣẹ́ kí ó tó dé, pọ́ǹpù lè ti fẹ́ tìmùtìmù padà, kí àbùkù náà sì fara sin.