Fèrèsé Ni subList, Kì Í Ṣe Fọ́tò

Ẹjọ́ ara wa ni a fẹ́ kọ́kọ́ rò kí a tó kọ́ ẹnikẹ́ni. Orúkọ àwọn tó san owó ẹgbẹ́ wà nínú ètò kékeré kan tí a fi Java kọ: orúkọ 80, nínú lísìtì tí a pè ní oruko. Ogún nínú wọn jẹ́ ọmọ tuntun, a sì fẹ́ tẹ káàdì fún wọn. A kọ ọ́ báyìí:

List<String> tuntun = oruko.subList(40, 60);

A tẹ káàdì tán, a ní kí a palẹ̀ mọ́, a pàṣẹ tuntun.clear(). Lójú tiwa, ìwé pélébé tí a fi da orúkọ kọ ni a fà ya. Àṣé ìwé ńlá gan-an ni! Nígbà tí a yẹ oruko wò, 60 ló kù. Ọmọ ọdún kìíní kan mú rìsíìtì wá, kọ̀ǹpútà ní òun kò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ojú tì wá.

subList kì í da nǹkan kọ. Fèrèsé ló ń ṣí sára lísìtì tó ti wà nílẹ̀. (Àwa tí wọ́n tọ́ dàgbà lókè Ọya, Yorùbá wa kò fi bẹ́ẹ̀ jinlẹ̀, ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ tó dára ju fèrèsé lọ, kó mú un wá sí ìpàdé.) Ipò 40 títí dé 59 ni fèrèsé tiwa ń fi hàn, nítorí láti 0 ni Java ti ń kà, nọ́ńbà kejì kò sì sí nínú rẹ̀. Ẹni tó bá na ọwọ́ gba ojú fèrèsé mú ẹran, ẹran inú ìkòkò ló dín.

Bí a bá fi tuntun.set(0, "Àjọkẹ́") pààrọ̀ orúkọ, ẹni tó wà ní ipò 40 nínú oruko ti di Àjọkẹ́ nìyẹn. Bí a bá pààrọ̀ rẹ̀ láti inú oruko, tuntun náà á rí i. Bí a bá sì fi orúkọ kún tuntun, àárín oruko ló bọ́ sí, àwọn tó wà lẹ́yìn á sún.

Ohun tí a kò gbọ́dọ̀ ṣe ni kí fèrèsé wà ní ṣíṣí, kí a tún lọ fi orúkọ kún oruko tààrà. ArrayList máa ń ka iye ìgbà tí wọ́n ti fi nǹkan kún un tàbí yọ nǹkan kúrò. Fèrèsé náà há iye yẹn sórí lọ́jọ́ tí a ṣí i. Bí méjèèjì kò bá bára mu mọ́, tí a sì tún lo tuntun, ConcurrentModificationException ni yóò jù lù wá. Kódà bí a bá kàn fi sort to oruko, bẹ́ẹ̀ náà ni. Ariwo yẹn sàn ju clear tiwa tó ṣe iṣẹ́ rẹ̀ láìfọhùn.

Kì í ṣe pé àwọn tó ṣe é ṣàṣìṣe. Joshua Bloch ló darí iṣẹ́ náà ní Sun, ó sì jáde pẹ̀lú Java 1.2 ní 1998. Bí a bá fẹ́ yọ láti ipò kan dé òmíràn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, oruko.subList(40, 60).clear() gan-an ni ọ̀nà rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ̀dà ni kó sọ pé ẹ̀dà ni òun fẹ́:

List<String> tuntun = new ArrayList<>(oruko.subList(40, 60));

Láti Java 10 ní 2018, List.copyOf náà wà, ṣùgbọ́n ẹ̀dà tirẹ̀ kò gba àfikún tàbí àyọkúrò. Bí ó bá sì jẹ́ odidi ènìyàn pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù rẹ̀ ni a tò, tí kì í ṣe orúkọ lásán, lísìtì nìkan ni a dà kọ. Ẹni kan náà ló wà nínú méjèèjì. Bí a bá yí nọ́ńbà rẹ̀ padà níhìn-ín, ó ti yí lọ́hùn-ún.

Ní tiwa, ìdí rìsíìtì ni a ti wá orúkọ àwọn ogún náà, tí a fi ọwọ́ tẹ̀ wọ́n padà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Alẹ́ méjì ló gbà wá.