Ta Ni Onílé Yín?

Ìbéèrè kan wà tí ó dàbí ohun kékeré, ṣùgbọ́n tí ọ̀pọ̀ ìdílé kò lè dáhùn: ta ni ó ni ilé tí ẹ ń sanwó rẹ̀, níbo ni ó sì ń gbé? Nígbà tí gbogbo nǹkan bá ń lọ déédéé, kò sí ẹni tí ó ń bìkítà. Ẹnìkan ń wá gba owó, ó sì ń bá tirẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bí òrùlé bá bẹ̀rẹ̀ sí jò sí orí ibùsùn àwọn ọmọ, tí agbowó náà sì wí pé, "Èmi kọ́ ni mo ni ilé, wọ́n rán mi ni," ọ̀dọ̀ ta ni bàbá ilé yóò gbà lọ? Ẹni tí a kò mọ orúkọ rẹ̀, a kò lè kọ̀wé sí i, a kò sì lè pè é lẹ́jọ́.

Púpọ̀ nínú àwọn ènìyàn wa ni ó háyà ilé gbé ní London àti ní àwọn ìlú mìíràn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó yẹ kí wọ́n mọ̀ pé òfin ibẹ̀ kò fi wọ́n sílẹ̀ nínú òkùnkùn. Òfin Onílé àti Ayálégbé ti 1985 sọ pé ayálégbé lè kọ̀wé sí ẹni tí ó ń gba owó ilé, tàbí sí aṣojú onílé, láti béèrè orúkọ àti àdírẹ́sì onílé gan-an. Ọjọ́ 21 ni a fún un láti fèsì nínú ìwé. Bí ó bá kọ̀ láìní ìdí tí ó tọ́, ó ti rú òfin, owó ìtanràn rẹ̀ sì lè tó £2,500. Bí onílé bá jẹ́ kọ́ńpìnnì, a lè tún kọ̀wé béèrè àwọn olùdarí àti akọ̀wé rẹ̀. Bí a bá sì ta ilé náà, dandan ni kí onílé tuntun fi orúkọ àti àdírẹ́sì rẹ̀ ránṣẹ́. Títí ayálégbé yóò fi gbọ́, ẹni tí ó tà á kò tíì bọ́ lọ́wọ́ ojúṣe rẹ̀.

Òfin mìíràn, ti 1987, pàṣẹ pé kí onílé fún ayálégbé ní àdírẹ́sì kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tàbí Wales, níbi tí a lè fi ìwé ránṣẹ́ sí i. Nítorí náà, onílé tí ó ń gbé Èkó, tí ó sì ní ilé ní London, kò lè fi àdírẹ́sì Èkó nìkan ṣe é; ṣùgbọ́n ó lè lo ti aṣojú rẹ̀ tí ó wà níbẹ̀. Títí yóò fi ṣe bẹ́ẹ̀, òfin kò ka owó ilé sí èyí tí ó tó san. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ṣi èyí gbọ́! Owó náà kò parẹ́. Ní ọjọ́ tí onílé bá fi àdírẹ́sì sílẹ̀, gbogbo gbèsè ẹ̀yìn di sísan. Ayálégbé tí ó gbọ́n a máa tọ́jú owó náà, kì í ná an.

Báwo ni a ó ti ṣe béèrè? Ẹ kọ lẹ́tà kúkúrú, ẹ fi ọjọ́ sí i, ẹ pa ẹ̀dà kan mọ́, kí ẹ sì ka ọjọ́ 21. Bí èsì kò bá dé, ẹ mú ẹ̀dà náà lọ sí káńsù àdúgbò yín, nítorí káńsù ní agbára láti pe ẹjọ́ náà.

Ní ilé níhìn-ín ńkọ́? Òfin Ilé Gbígbé ti Ìpínlẹ̀ Èkó, tí a ṣe ní 2011, sọ pé kí onílé fún ayálégbé ní rìsíìtì tí orúkọ àwọn méjèèjì, ọjọ́, iye owó, ibi tí ilé wà, àti àkókò tí owó náà wà fún, hàn nínú rẹ̀. Orúkọ nìyẹn, àdírẹ́sì kò sí nínú rẹ̀. Nítorí náà, kí ayálégbé béèrè pé kí a kọ àdírẹ́sì onílé sínú ìwé àdéhùn kí ó tó sanwó. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni àdéhùn ẹnu lásán rí.

Ẹ̀yin onílé pẹ̀lú, ẹ má ṣe rò pé ẹrù ni a dì rù yín. Ayálégbé tí ó mọ ibi tí ẹ wà ni yóò tètè sọ fún yín nígbà tí páìpù omi bá bẹ́, kí ògiri tó rà. Ẹni tí ó fi ara pamọ́ fún ayálégbé rẹ̀, ilé ara rẹ̀ ni ó ń jẹ́ kí ó bàjẹ́.