Mezumen: Orírun àti Ìtumọ̀ Ọ̀rọ̀ Yídíìṣì Kan fún Owó

Ọ̀rọ̀ ìgboro ni ìwé atúmọ̀-èdè Gẹ̀ẹ́sì pe "mazuma", tí ó túmọ̀ sí owó. Ẹni tí ó bá fi ojú èyí nìkan wò ó lè rò pé ọ̀rọ̀ tí kò ní ìran ni. Bẹ́ẹ̀ ìran rẹ̀ jìn ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Yídíìṣì ni èdè àbáláyé àwọn Júù Àárín àti Ìlà-Oòrùn Yúróòpù. Ó bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn ní agbègbè odò Ráìnì, ní Jámánì. Èdè Jámánì ni ìpìlẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó yá ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ Hébérù àti Árámáíkì, lẹ́tà Hébérù ni a sì fi ń kọ ọ́. Nítorí náà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó ní fún owó. "Gelt", tí ó bá ti Jámánì tan, ni owó lápapọ̀; òun náà ni owó tí a ń fún ọmọdé nígbà ọdún Hanukkah. "Mezumen", tí ó ti inú Hébérù wá, ni owó tí ó wà lọ́wọ́ gan-an, èyí tí a lè kà sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀: kì í ṣe àwìn, kì í sì í ṣe ìlérí.

Gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà ni ó fa ìyàtọ̀ yìí. Kọ́ńsónáǹtì mẹ́ta ni gbòǹgbò ọ̀hún, z-m-n (àkọ́kọ́ nínú wọn kò sí nínú álífábẹ́ẹ̀tì Yorùbá). Òun náà ni ó wà nínú "zman", èyí tí í ṣe àkókò. Nínú Ẹ́sírà 10:14 àti Nehemáyà 13:31, ẹ̀yà ọ̀rọ̀ yìí ni Hébérù lò fún àkókò tí a ti yàn sílẹ̀. Ohun tí a yàn sílẹ̀ di ohun tí a pèsè sílẹ̀. Ohun tí a pèsè sílẹ̀ di ohun tí ó wà ní àrọ́wọ́tó. Owó tí ó wà ní àrọ́wọ́tó sì ni mezumen. Ọmọ ìyá rẹ̀ ni orúkọ tí àwọn Júù ń pe ènìyàn mẹ́ta tí ó jùmọ̀ jẹun, tí wọ́n sì pe ara wọn sí àdúrà ọpẹ́ lẹ́yìn oúnjẹ. Ìpè àti ìmúrasílẹ̀ ni ó wà níbẹ̀, kò sí ti owó.

Láàrin ọdún 1881 sí 1924, nǹkan bí mílíọ̀nù méjì Júù láti Ìlà-Oòrùn Yúróòpù ni ó ṣí lọ sí Amẹ́ríkà, New York ni ọ̀pọ̀ wọn sì tẹ̀dó sí. Ọ̀rọ̀ wọn wọ Gẹ̀ẹ́sì ìgboro. Kọ́ńsónáǹtì ìparí mezumen bọ́, ìtumọ̀ rẹ̀ sì fẹ̀: owó kówó di mazuma, ìbáà jẹ́ èyí tí kò tíì dé ọwọ́. Ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ ni.

Ní Ísírẹ́lì, ẹ̀wẹ̀, "mezumanim" ni ọ̀rọ̀ tí àwọn ilé-ìfowópamọ́ àti ilé-ìtajà ń lò fún owó ọwọ́ títí di òní. Kò sí ẹ̀fẹ̀ kankan nínú tiwọn.