Bí A Ṣe Ń Ròyìn Òde Àríyá fún Ẹni Tí Kò Lọ

Bí òde àríyá bá wáyé lópin ọ̀sẹ̀, tí ilẹ̀ ọjọ́ Ajé sì mọ́, ẹ lọ sí ọjà Ìkọ̀lé, tàbí ibi tí àwọn ọlọ́kadà ti ń dúró de èrò ní Ọ̀yẹ́, ẹ ó gbọ́ ohun tí àwọn ènìyàn ń bi ara wọn. "Ṣé o lọ?" "Kí ló kọ?" "Orúkọ ta ló dá?" "Ìgbà wo ni wọ́n ṣíwọ́?" Ẹni tó bá lọ á sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn. Á kọ orin náà díẹ̀, á fi ẹnu lu ìlù, á fi èjìká jó. Àwọn tí kò lọ á pé lé e lórí. Bí ẹlòmíràn tí òun náà lọ bá wà níbẹ̀, àríyànjiyàn dé nìyẹn: "Irọ́ ni, kì í ṣe orin yẹn ló fi bẹ̀rẹ̀."

Irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Àwọn kan á ní ọ̀rọ̀ fàájì kò yẹ nínú ìwé ẹ̀kọ́. Àwa náà ti rò bẹ́ẹ̀ rí. A ti jẹ́ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, a sì ti na ọmọ nítorí pé ó ń kọ orin jùjú nígbà ìṣirò. Ṣùgbọ́n lẹ́nu iṣẹ́ ẹ̀kọ́ àgbà tí a ń ṣe káàkiri Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́ àti Ìdó, ojú wa ti rí ohun tí ìròyìn òde lè ṣe, ire àti ibi.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo ìdí tí ìròyìn náà fi níye lórí. Orin tó wà nínú àwo kì í ṣe orin tí a ń gbọ́ lóde. Nígbà tí I. K. Dairo, ẹni tí wọ́n fi oyè MBE dá lọ́lá ní 1963, ń gbé àwo kékeré jáde, ojú kan àwo bẹ́ẹ̀ kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 3 lọ. Àwo ńlá dé lẹ́yìn náà, ojú kan rẹ̀ sì ń gba nǹkan bí ìṣẹ́jú 20. Ṣùgbọ́n lóde, olórin lè bẹ̀rẹ̀ ní aago 10 alẹ́, kí ó má ṣíwọ́ títí di ìdájí. Kí ló ń fi gbogbo wákàtí yẹn kọ? Orúkọ wa ni. Ó ń pe ẹni tó ni òde, ó ń pe bàbá rẹ̀ tó ti kú, ó ń ki ìlú rẹ̀, ó ń kí àwọn àna, ó ń dá àwọn ẹgbẹ́ aláṣọ ẹbí lọ́lá lọ́kọ̀ọ̀kan. Orin tó kọ ní Ìdó lálẹ́ Sátidé, bí ó bá gbé e dé Ìlọrin lọ́sẹ̀ kejì, orúkọ inú rẹ̀ á ti yí padà. Ti Ìdó ti lọ nìyẹn. Kò sí ilé ìtajà tí ẹ ti lè rà á.

Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe jẹ́ pé ìtàn ilé mìíràn wà tó jẹ́ pé ẹnu olórin nìkan ló ti jáde rí, lálẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo. Bí ẹni tó gbọ́ ọ kò bá sọ ọ́, ó parí.

Kásẹ́ẹ̀tì tí ilé iṣẹ́ Philips gbé jáde ní 1963 ràn wá lọ́wọ́ díẹ̀ nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wa. Láàárín 1980 sí 1990, nígbà tí a wà lọ́dọ̀ọ́, ẹni tó bá ní rédíò tó ń gba ohùn á gbé e sún mọ́ ẹ̀rọ gbohùngbohùn olórin. Lọ́la, ọ̀rẹ́ á yá a, á dà á kọ. Ọ̀rẹ́ ọ̀rẹ́ náà á tún da ìyẹn kọ. Nígbà tó bá fi dé ọwọ́ ẹni karùn-ún, ohùn olórin á dà bí ohùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú ìkòkò. A ń gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀ náà, inú wa sì ń dùn. Ìjà wa nígbà náà ni Sunny Adé tàbí Ebenezer Obey. Obey ti dá ẹgbẹ́ International Brothers sílẹ̀ ní 1964, Sunny Adé dá Green Spots sílẹ̀ ní 1967. A kò ní sọ ẹni tí àwa wà lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ má baà ju ìwé yìí nù. Ṣùgbọ́n a rántí pé púpọ̀ nínú ìròyìn tí à ń gbé kiri nígbà náà, pé Ọba Sunny fi orin bú ẹni báyìí lánàá, tàbí pé Olóyè Obey fún un lésì, àbá lásán ni. Ẹni tó sọ ọ́ fún wa kò sí lóde náà. Ẹni tó sọ fún un kò sí níbẹ̀ pẹ̀lú.

Ọ̀rọ̀ tó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ní Ìkọ̀lé ló jẹ́ kí a pinnu láti kọ èyí. Ìyá àgbàlagbà ni, gàrí ló ń tà. Ní 2024, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ṣe ayẹyẹ ọgọ́rin ọdún ní ìlú kan lọ́nà Ọ̀yẹ́. Ara ìyá yìí kò yá, kò lè lọ. Àkọ́bí ẹ̀gbọ́n náà wà lókè òkun, ó ti pé ọdún 14 tí wọ́n ti rí i mọ. Ó ní òun ń bọ̀, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ṣú, kò dé, wọ́n sì ti sọ ìrètí nù. Ó di nǹkan bí aago 1 òru, ọkọ̀ rẹ̀ wọlé. Olórin dákẹ́ orin. Onígángan bọ́ síwájú, ó ń lù ú: mí-re-mí, mí-re-mí. Gbogbo ènìyàn dìde. Àwọn obìnrin figbe ta. Bàbá náà bú sẹ́kún, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbà á mọ́, wọ́n gbé e jókòó.

Ọmọkùnrin kan wà lẹ́yìn kánópì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀. Ohun tó rí ni èrò tó dìde, igbe, àti bàbá tí wọ́n dì mú. Ohun tó gbọ́ ni mí-re-mí. Ó ká ohùn rẹ̀ sórí fóònù: "Ìlù ní ó ti kú o! Bàbá ti kú lóde!" Ó fi í ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ ìlú lórí WhatsApp. Kó tó di aago 2, ó ti dé Èkó, ó sì ti dé Ìkọ̀lé.

Ìyá yìí kò dúró kí ilẹ̀ mọ́. Ó ní kí ọmọ òun fi ọ̀kadà gbé òun lọ, pẹ̀lú àìsàn lára. Nígbà tó débẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló bá lórí àga, tó ń mu ẹ̀kọ gbígbóná, tí ọmọ rẹ̀ jókòó tì í. Bàbá ní, "Àbúrò, o mà tètè dé. Ta ló sọ fún ọ pé ọmọ wa ti dé?" Ìyá náà kò lè dáhùn. Ó jókòó sórí ilẹ̀. Àbúrò wọn kan tó wà ní Èkó kò rí ti ẹ̀rín rò: ìfúnpá rẹ̀ ga lóru náà, ọjọ́ mẹ́ta ló lò nílé ìwòsàn.

Ẹ gbọ́ bó ṣe jẹ́. Gángan kò ní ètè, kò ní ahọ́n. Kò lè pe "d", kò lè pe "k". Ohùn ọ̀rọ̀ nìkan ló ń gbé jáde: òkè, àárín, ìsàlẹ̀. "Ó ti dé": mí-re-mí. "Ó ti kú": mí-re-mí. Ẹ fi ọwọ́ yín lu tábìlì wò ó. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣàròyé pé àmì ohùn tí à ń fi sórí ọ̀rọ̀ ń dá yín lágara, ohun tí onílù ń lù gan-an ni àwọn àmì náà. Onílù tó mọṣẹ́ kì í lu ọ̀rọ̀ kékeré bẹ́ẹ̀ kó fi í sílẹ̀. Á fi orúkọ àti oríkì ṣíwájú rẹ̀, á fi gbólóhùn gígùn tẹ̀ lé e, kí ẹni tó ń gbọ́ lè mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Ti òru ọjọ́ yẹn náà ṣe bẹ́ẹ̀: oríkì ilé náà ló fi ṣáájú. Ṣùgbọ́n ẹni tó wà lẹ́bàá jẹnẹrétọ̀ kò gbọ́ apá ìbẹ̀rẹ̀.

Ọmọkùnrin náà kò purọ́. Ohun tó rí, ó rí i. Ohun tó gbọ́, ó gbọ́ ọ. Ó kàn so méjèèjì pọ̀ ni, kò sì sọ fún wa pé òun ló so ó.

Ẹ jẹ́ kí á kúrò nílé díẹ̀. Àwọn olórin kan wà ní Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ Grateful Dead. California ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ní 1965, wọ́n sì ṣeré títí di 1995, nígbà tí Jerry Garcia, atagìtá wọn, kú. Wọn kì í ṣe àjèjì sí wa pátápátá. Mickey Hart, ọ̀kan nínú àwọn onílù wọn, fẹ́ràn ìlù Yorùbá. Òun, Bàbátúndé Ọlátúnjí ọmọ Àjídò lẹ́bàá Àgbádárìgì, àti Síkírù Adépọ̀jù onígángan ọmọ Ẹ̀rúwà, tó ti bá Ebenezer Obey lù rí, wà lára àwọn tó jọ ṣe àwo Planet Drum ní 1991.

Ìwà àwọn Grateful Dead yìí jọ ti olórin tiwa: orin tí wọ́n kọ lánàá, wọn kì í tò ó bákan náà lónìí. Nítorí náà, àwọn olólùfẹ́ wọn ń fẹ́ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní òde tí wọn kò lọ. Ẹni tó lọ á kọ orúkọ orin sílẹ̀ bó ṣe ń tẹ̀ léra, á kọ ọjọ́, á kọ ìlú, á fi í ránṣẹ́ sí àwọn tí kò lọ. Ní 1974, àwọn tó ń pààrọ̀ kásẹ́ẹ̀tì òde bẹ̀rẹ̀ ìwé ìròyìn kan, Relix. Ní 1984, àwọn olórin náà ya àyè kan sọ́tọ̀ fún àwọn tó bá fẹ́ gba ohùn wọn. Òfin kan ni wọ́n fi lélẹ̀: ẹ lè pààrọ̀ rẹ̀, ẹ kò gbọdọ̀ tà á. Ní 1987, ìwé kan tó ń jẹ́ DeadBase jáde, tó to àwọn òde náà pẹ̀lú ọjọ́ wọn àti orin tí wọ́n kọ. Òde tí wọ́n ṣe lé ní 2,300, púpọ̀ nínú rẹ̀ ni a sì lè tọ́ka sí títí dòní, nítorí pé àwọn èrò ìwòran mú pẹ́ńsù dání.

Lójú tiwa, ohun kan wà tó yàtọ̀. Àwọn ará ibẹ̀ ń wá bí orin ṣe tẹ̀ léra. Nílé tiwa, orúkọ àti oríkì ni à ń wá. Nítorí náà, ibẹ̀ ni kí ẹni tó ń kọ ìròyìn lo agbára rẹ̀ sí. Kọ orúkọ bí olórin ṣe pè é. Bí ó bá fi ẹ̀ka èdè Èkìtì kọrin, gẹ́gẹ́ bí Elémùré Ògúnyẹmí ti ń ṣe, má ṣe tún un ṣe sí èdè ìwé; kọ ọ́ bí ìyá rẹ ti ń sọ ọ́ nílé. Bí ìlù bá sọ̀rọ̀ tí kò yé ọ, dúró kí wọ́n sinmi, kí o lọ bi onílù. Inú wọn máa ń dùn sí i. Àwọn tó ń bi wọ́n kò pọ̀.

Kọ ibi tí o jókòó. Ó dà bí ohun kékeré, ṣùgbọ́n bí ọmọkùnrin ọjọ́sí bá ti sọ pé ẹ̀bá jẹnẹrétọ̀ ni òun wà, ẹni tó gbọ́ ọ á ti ṣe sùúrù. Ohun tí o kò fojú rí, fi "wọ́n ní" ṣáájú rẹ̀. Iye owó tí ẹnikẹ́ni ná fún olórin, fi í sílẹ̀, a bẹ̀ ọ́. Òfin báńkì àpapọ̀ ilẹ̀ wa ti 2007 sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni láti fọ́n náírà lóde tàbí láti jó lórí rẹ̀: ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní oṣù 6, tàbí owó ìtanràn tí kò dín ní ₦50,000, tàbí méjèèjì. Ẹni tí o rò pé ò ń yìn lè bá ara rẹ̀ níwájú adájọ́. Bí o bá sì fẹ́ fi fóònù gba ohùn, kọ́kọ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá olórin. Orin ló fi ń jẹun.

Ìyá tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí ti mọ̀ ọ́n kọ báyìí. Ìròyìn àkọ́kọ́ tó kọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nìyí. Ó fún wa láyè láti tẹ̀ ẹ́. A kò fọwọ́ kàn án, àfi àmì ohùn.

"Sátidé, ọjọ́ 14 oṣù Kejìlá, 2024. Ìkọ̀lé ni. Ìsìnkú ìyá ọ̀rẹ́ mi. Mo dé ibẹ̀ ní aago 9 alẹ́. Mo jókòó nítòsí àwọn onílù. Wọ́n fi orin Ọlọ́run bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó pe àwọn ọmọ olóòkú. Mẹ́fà ni wọ́n. Ó fo ẹni kẹta. Wọ́n rán ọmọ lọ sọ fún un, ó padà pè é, ó bẹ̀ ẹ́. Ó pe orúkọ bàbá wa náà, ó ní ọ̀rẹ́ bàbá olóòkú ni. N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé òótọ́ ni? Nígbà tí àwọn àna wọlé, ìlù sọ nǹkan kan. N kò mọ̀ ọ́n. Mo bi onílù. Ó ní òun ń kí wọn kú àbọ̀ ni. Wọ́n ní wọ́n jó títí di aago 5. Èmi lọ sílé ní aago 1, orúnkún ń dùn mí."