Ẹ̀kùyá àti Ixora nínú Ọgbà Ilé ní Accra

Láti East Legon dé Cantonments, ilé tó bá ti ní ọgbà lójú ọ̀nà, ixora kì í wọ́n níbẹ̀: wọ́n á gé e kó dọ́gba, òdòdó rẹ̀ á pupa yòò. Ẹ̀kùyá ní tirẹ̀, etí gọ́tà àti ààtàn ló ń hù sí, ẹni tó bá sì ń ro ọgbà a máa fà á tu dànù. Lójú tèmi, ẹni tó bá fẹ́ kí kòkòrò oyin rí jẹ nínú ọgbà rẹ̀, ẹ̀kùyá ló yẹ kó kọ́kọ́ gbìn.

N kò ní kóyán ixora kéré. Apá Íńdíà ló ti wá, bí wọ́n bá sì ti gbìn ín lẹ́ẹ̀kan, ó di ti ọdún gbọọrọ. Labalábá fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọrùn òdòdó rẹ̀ gùn, ó tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́, ìsàlẹ̀ pátápátá sì ni oje dídùn wà. Labalábá lè fà á mu. Ahọ́n oyin kò gùn tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó sì ń gé e lóòrèkóòrè, ìrudi rẹ̀ ló ń gé sọnù.

Ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà ni ẹ̀kùyá. Ẹ sún mọ́ ọn lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́ kí ẹ wò ó dáadáa. Ewé rẹ̀ pín sí márùn-ún, ó ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́ díẹ̀, òórùn rẹ̀ sì le. Lókè orí rẹ̀ ni òdòdó funfun ti ń yọ léra wọn. Okùn gígùn mẹ́fà nà jáde láàárín òdòdó kọ̀ọ̀kan, lẹ́búlẹ́bú wà lórí wọn ní gbangba, kòkòrò kéékèèké pàápàá lè kó o. Ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ ló ń ṣí. Àfòpiná á bá a lálẹ́, oyin á dé láàárọ̀.

Àmọ́ kì í pẹ́ láyé. Bí ẹ bá gbìn ín nígbà tí òjò Accra bẹ̀rẹ̀ lóṣù Kẹrin, á tanná láàárín nǹkan bí oṣù kan sí oṣù kan àbọ̀, á so, á sì kú. Ẹ lè tún òmíràn gbìn nígbà òjò kejì, lóṣù Kẹsàn-án. Tí ọyẹ́ bá dé, kò sí nǹkan kan lórí ebè mọ́, ixora tí wọ́n ń bomi rin ṣì ń tanná. Níbẹ̀ ni ixora ti borí rẹ̀, kò sí àríyànjiyàn. Irúgbìn ẹ̀kùyá tuntun kì í sì í tètè hù. Ó yẹ kó gbẹ fún oṣù mélòó kan, nítorí náà ti èṣí ni kí ẹ gbìn.

Ọ̀rọ̀ ọbẹ̀ ló le jù. Ẹ̀fọ́ ni ẹ̀kùyá jẹ́ fún wa, ẹni tó ń jẹ ẹ́ a sì máa já orí rẹ̀ kí ewé lè máa yọ. Bí a bá já gbogbo orí tán, kò ní sí òdòdó, oyin kò sì ní rí nǹkan kan. Ẹ já ti apá kan fún ìkòkò, kí ẹ jẹ́ kí apá kejì tanná títí tí yóò fi so.

Ẹ fi ixora sílẹ̀ létí ògiri. Bí àgbàlá yín bá ti di síméńtì tán, garawa tí ẹ dá ihò sí nídìí tó fún ẹ̀kùyá, bó bá ṣáà ti wà nínú oòrùn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fín oògùn kòkòrò sí i.